Bí Òbí Ṣe Lè Tọ́pa Ọmọ Tí Họ́mónù Pituitary Rẹ̀ Kò Tó

Bí àbúrò bá ti ga ju ẹ̀gbọ́n lọ, tí aṣọ tí ẹ rà fún ẹ̀gbọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn sì ń bá a mu rẹ́gí síbẹ̀, ẹ má ṣe tètè gbà pé ìran yín ló kúrú tàbí pé ayé ló dì í mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé pituitary, ẹṣẹ́ kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ nísàlẹ̀ ọpọlọ, ni kò pèsè họ́mónù ìdàgbà, ìyẹn oje ara tí ń mú ọmọ ga, tó bí ó ti yẹ.

Téèpù ni ẹ ó fi mọ̀, kì í ṣe ojú lásán. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kan ògiri, kí ó sì máa wo iwájú gan-an. Bí ó bá di ṣùkú, ẹ tú u, nítorí irun dídì a máa fi gíga tí kò sí kún tirẹ̀. Ẹ gbé ìwé líle lé e lórí, ẹ sàmì sí ògiri lábẹ́ ìwé náà, kí ẹ wọn ún láti ilẹ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọmọ tí ó ti pé ọdún 6, tí kò tíì bàlágà, tí kò sì fi sẹ̀ǹtímítà 4 ga sí i láàárín ọdún kan, yẹ kí ó rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin ọdún 13 tí kò tíì yọ ọyàn. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ọ lemọ́lemọ́, tí kò sì ríran dáadáa mọ́, ẹ má dúró de oṣù kankan, nítorí kókó lè wà nítòsí ẹṣẹ́ náà.

Ẹ mú ìwé ìwọ̀n yẹn dání lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀, wọn yóò ya X-ray ọwọ́ òsì láti mọ bí egungun ti gbó tó, wọ́n sì lè ya MRI, ìyẹn àwòrán tí ń fi inú orí hàn. Ẹ béèrè nípa cortisol pẹ̀lú, ìyẹn họ́mónù tí ń ran ara lọ́wọ́ láti kojú àìsàn. Bí òun àti họ́mónù thyroid, ẹṣẹ́ inú ọrùn, bá jọ dín, hydrocortisone, oògùn tí ń rọ́pò cortisol, ni a ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí levothyroxine, èyí tí ń rọ́pò họ́mónù thyroid, tó tẹ̀ lé e. Bí èkejì bá ṣáájú, ẹ̀mí ọmọ lè wà nínú ewu.

Họ́mónù ìdàgbà tí a fi ń tọ́jú ọmọ kì í ṣe oògùn oníhóró. Abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ni, alaalẹ́ ni a sì sábà máa ń gún un, ní itan, ìdí tàbí ikùn, láìgún ojú kan náà léraléra. Inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e kí ẹ tó gbé e sínú kúlà, kí yìnyín má baà kàn án. Èyí tí ó bá ti dì kò wúlò mọ́.

Èyí tí ó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni hydrocortisone, nítorí ọmọ tí ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Bí ibà bá mú un, a ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí dókítà ti kọ ọ́. Bí ó bá sì ń bì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ó kàn, ní kíákíá. Kí ìwé tí ó sọ èyí wà nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ sì ti kà á.