Bí a ṣe ń tú nọ́mbà ńlá palẹ̀ láìṣì í ṣe

Títú nọ́mbà palẹ̀ ni wíwá àwọn nọ́mbà kéékèèké tí a lè sọ di púpọ̀ kí wọ́n fi bí i. Ẹ jẹ́ ká mú 412,920, tí àwọn baba wa ì bá kà sí ogún ọ̀kẹ́ àti lé díẹ̀. Pẹ́ńsù àti ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi bírò ṣe é. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: tí nọ́mbà kan ò bá pín dọ́gba, pọ́ńtì ló máa kó síwájú yín, kò ní sọ iye tó ṣẹ́ kù.

Òdo ló gbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ fi 10 pín in: 41,292. Ẹ fi 2 pín in lẹ́ẹ̀mejì: 10,323. Ẹ ro àwọn àmì inú rẹ̀ pọ̀, 9 ni, nítorí náà 9 á pín in: 1,147.

Ibí gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. 1,147 jọ nọ́mbà àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tí nǹkan kan kì í pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn míì á dán 7, 11 àti 13 wò, wọ́n á ní ó tán. Kò tíì tán o. 34 lọ́nà 34 jẹ́ 1,156, ó ti ju 1,147 lọ. Bí nọ́mbà méjì bá bí 1,147, ọ̀kan nínú wọn kò lè tó 34. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ dán gbogbo nọ́mbà àkọ́kọ́ wò láti 7 títí dé 31, kí ẹ sì kọ àṣẹ́kù ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀:

7 ṣẹ́ 6 kù. 11 ṣẹ́ 3. 13 ṣẹ́ 3. 17 ṣẹ́ 8. 19 ṣẹ́ 7. 23 ṣẹ́ 20. 29 ṣẹ́ 16.

Fún 29, ẹ lo 30: 30 lọ́nà 39 jẹ́ 1,170, ẹ yọ 39, ó di 1,131, ó ku 16. Ó yá ju pínpín gígùn lọ. Tó bá wá kan 31, ẹ yọ 930, ó ku 217, 31 lọ́nà 7 sì ni 217. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù! 31 lọ́nà 37 ni 1,147. Ẹni tó dúró sí 29 ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó ku ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo.

Èyí tó kù rọrùn. 2 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 3 lẹ́ẹ̀mejì, 5, 31 àti 37 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 1 kún iye ìgbà kọ̀ọ̀kan (èyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé), kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 4 lọ́nà 3 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2. Nọ́mbà 96 ló pín 412,920 dọ́gba. Ẹni tó pe 1,147 ní nọ́mbà àkọ́kọ́ á rí 48 péré.

Tí ẹ bá fẹ́ àròpọ̀ nọ́mbà 96 náà, 1+2+4+8 jẹ́ 15 fún 2, 1+3+9 jẹ́ 13 fún 3, ẹ wá mú 6, 32 àti 38 fún 5, 31 àti 37. Ẹ sọ márààrún di púpọ̀: 1,422,720. Ẹ yọ nọ́mbà náà fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku 1,009,800, ó ju ìlọ́po méjì 412,920 lọ.

Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di nọ́mbà kan lọ́nà ara rẹ̀? Ẹ má fọwọ́ kan 3, ó ti pé méjì. Àwọn tí iye ìgbà wọn kò pín sí méjì nìkan ni kí ẹ mú: 2, 5, 31, 37. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n jẹ́ 11,470. Tí ẹ bá fi sọ 412,920 di púpọ̀, ohun tí ẹ máa rí ni 68,820 lọ́nà 68,820. Níbí ni mo ti gbà yín láàyè láti mú fóònù.