Bí mo ṣe to ogun Ọ̀ṣogbo ọdún 1840 sínú àpótí gíláàsì

Ogun Ọ̀ṣogbo ni mo yàn láti fi ère kéékèèké ṣe, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Odérìnlọ́ ṣáájú wọn, ti ṣẹ́gun Ìlọrin ẹlẹ́ṣin. Tèmi ni pé ilẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe, ká tó kan ọmọ ogun. Ẹṣin tó ń jọba ní pápá kì í rọ́nà gbà nínú igbó. Ẹni tó bá dúró níwájú àpótí mi gbọ́dọ̀ rí ìyẹn kó tó wo ojú jagunjagun kankan.

Fọ́ọ̀mù líle ni mo fi ṣe ilẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù pa á, mo ku yanrìn lé e. Wáyà iná tí mo bó ni mo lọ́ pọ̀ di igi, mo wá rẹ kànìnkànìn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé fún ewé wọn. Mo jẹ́ kí igbó náà ki gan-an lápá kan, mo sì fi apá kejì sílẹ̀ gbalasa.

Mílímítà 28 ni gíga àwọn ère náà, ọ̀kan sì dúró fún èèyàn 20. N kò rí èyí tí wọ́n ṣe fún jagunjagun Yorùbá rà, nítorí náà mo fi amọ̀ epoxy, èyí tí a máa ń pò tó sì máa ń le, mọ gbẹ̀rí ọdẹ àti àdó sára àwọn tó mú ìbọn, mo sì wé láwàní fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Ìdérí ìgò mínírà ni mo lẹ ère kọ̀ọ̀kan mọ́ nígbà tí mo ń kùn ún, kí ọwọ́ má baà kan ọ̀dà tútù. Àwọ̀ ara ló gbà mí lákòókò jù. Búráùn tó ṣú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá fi èyí tó mọ́ díẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti ìka. Ẹ wo bí ojú wọn ṣe yọ!

Káfíńtà tó wà ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi pákó ṣe àpótí yìí, á dùn-ún wò.” Mo ní rárá. Òjé wà nínú àwọn ère mi tó ti pẹ́, pákó sì máa ń tú oru kíkan jáde. Bí ẹ bá há òjé mọ́ inú oru yìí, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ di ìyẹ̀fun funfun. Gíláàsì àti alumíníọ̀mù la fi ṣe é, pẹ̀lú ihò kéékèèké lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Mo fi aṣọ tín-ín-rín bo àwọn ihò náà nítorí eruku ọyẹ́, mo sì gbé e jìnnà sí fèrèsé, kí oòrùn má baà pa ọ̀dà rẹ̀.