Bí ẹ ṣe lè yan láìmù fún ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìrú òfin, láìba ògiri jẹ́

Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú 1919, láìmù (ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n sun, kì í ṣe èso) ni wọ́n sábà fi mọ bíríkì wọn. Omi tó bá wọ ògiri bẹ́ẹ̀ ń gba àlàfo àárín bíríkì gbẹ jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo náà, inú bíríkì lomi yóò máa gbà. Òtútù á sọ ọ́ di yìnyín, ojú bíríkì á sì máa bó.

Ẹ kọ́kọ́ wo inú National Heritage List for England, ìyẹn àkójọ àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò. Bí ilé náà bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó bá máa yí ìrísí rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kánsù. Ọ̀daràn ni òfin ka ẹni tó bá ṣe é láìgbàṣẹ sí.

Láìmù inú àpò gbọ́dọ̀ ní àmì CE (ti Yúróòpù) tàbí UKCA (ti Britain) tó fi hàn pé ó bá òfin mu, pẹ̀lú ìwé tí ilé iṣẹ́ fi kéde agbára rẹ̀ ní ìlànà BS EN 459-1, èyí tó wà fún láìmù ìkọ́lé. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. NHL ni natural hydraulic lime, ìyẹn láìmù tó máa ń le bí omi bá kàn án. Nọ́ńbà tó wà lára NHL 2, NHL 3.5 àti NHL 5, agbára tó kéré jù lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni, ní N/mm² (òṣùwọ̀n bí ó ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó). Ṣùgbọ́n òfin gbà kí NHL 3.5 dé 10, kí NHL 5 sì dé 15. Nítorí náà, NHL 3.5 ilé iṣẹ́ kan lè le ju NHL 5 ilé iṣẹ́ mìíràn lọ, kò sì sí èyí tó rú òfin nínú wọn. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá rí HL láìsí N níwájú, ẹ fi sílẹ̀: sìmẹ́ńtì lè wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá pò níbi iṣẹ́ ńkọ́? Abala karùn-ún òfin 305/2011 lórí ohun èlò ìkọ́lé, tí Britain jogún lọ́wọ́ EU (àjọ ilẹ̀ Yúróòpù), kò fi dandan béèrè ìwé ìkéde fún ohun tí wọ́n ṣe níbi iṣẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ṣe lọ́nà àtijọ́ láti fi tún ilé tí ìjọba ń dáàbò bò ṣe. Àpòpọ̀ yín nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ ìwé yìí o. Àpò láìmù tí ẹ rà kò bọ́.

Fún bíríkì rírọ̀, ẹ lè fi NHL 2 dán an wò: òṣùwọ̀n láìmù 1 sí iyanrìn 2.5, kí iyanrìn náà ní hóró kékeré àti ńlá. Ẹ gbẹ́ àlàfo wọlé tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, ẹ fi omi rin ín, ẹ wá ki àpòpọ̀ bọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpò bíi èyí tí wọ́n fi ń di kòkó bò ó, kí ẹ máa wọ́n ọn lómi. Bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju 5°C, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kódà bí bíríkìlà bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i kó lè tètè le.