Kamẹ́líà Tó Rudi Tí Kò Tanná

Ẹni tó gbin kamẹ́líà, igi kékeré tí a ń gbìn torí òdòdó rẹ̀, kì í sábà ráhùn pé igi náà kú. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìrudi kún orí ẹ̀ka, ó sì ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó là. Òtútù ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn náà ti wà nílẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi yìí ń mú ìrudi tí yóò tanná nígbà òtútù tàbí ìgbà ìrúwé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ lásìkò yẹn, ìrudi á yọ lóòótọ́, àmọ́ kò ní lè dúró. Ki ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá gbẹ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, bomi rin ín kó rin wọlé dáadáa. Ìwọ́n omi ojoojúmọ́ kì í dé ìdí gbòǹgbò.

Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló ń fẹ́, pH (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) 5.5 sí 6.5. Ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé bá jà; inú ìkòkò ni kí o gbìn ín sí. Ibi tí igi ńlá ti ń ṣíji bò ó díẹ̀ ló dára. Níbi tí ìrì dídì bá ń bọ́, má ṣe kọjú rẹ̀ sí oòrùn àárọ̀: ìrì á yọ́ lójijì lára ìrudi, etí òdòdó á sì pọ́n bí ohun tí iná rà.

Kòtò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìdì gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹnu kòtò; orí ìdì gbòǹgbò gbọ́dọ̀ yọ ju ọ̀pá náà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, torí yóò ṣì rì. Èyí tó bá rì jù kò ní kú kíá. Á kàn dúró sójú kan, ewé rẹ̀ á máa kéré sí i. Hú u, kí o gbé e sókè. Lẹ́yìn náà, da ewé jíjẹrà tàbí èèpo igi páínì sídìí rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, àmọ́ kó má kan ara igi.

Bí ewé tuntun bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò rí èròjà irin fà nínú ilẹ̀ ni. Omi ẹ̀rọ tí ẹfun wà nínú rẹ̀ lè fà á. Omi òjò ni kí o máa lò, kí o sì fún un ní ajílẹ̀ onírin. Ewé àtijọ́ mélòó kan tó pọ́n tó sì já nígbà ìrúwé kì í ṣe àrùn.

Gbàrà tí òdòdó bá ti wọ́ tán ni kí o gé ẹ̀ka. Wo ara ẹ̀ka dáadáa: wàá rí òrùka kékeré níbi tí ìdàgbà ọdún tó kọjá parí sí. Gé e díẹ̀ lókè rẹ̀, ẹ̀ka tuntun bíi 3 lè hù níbẹ̀. Ẹni tó bá gé e nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ló gé dànù.

Bí ewé bá dúdú bí ìdí ìkòkò, yí i padà. Kòkòrò pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, oje dídùn tó ń tu sílẹ̀ ni ìdọ̀tí dúdú náà ń hù lé. Fi àkísà àti omi ọṣẹ nù ún kúrò.