Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ooru Èéfín Nínú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Tó Ní Tọ́bò

Písítìnì kan, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi ní Gánmọ́. Ojú rẹ̀ ti lu ihò tó gba àtàǹpàkò, etí ihò náà sì yọ́ wálẹ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀gbọ́n mi ló ti jáde. Iṣu ló kó láti Ìlọrin, ó ń lọ sí Èkìtì, ó ti kọjá Ọ̀mù-Àrán nígbà tó kan òkè. Géèjì omi radiétọ̀ wà ní ìdajì títí ẹ́ńjìnnì fi kú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn: kò sí ohun kankan tó kìlọ̀ fún un.

Omi máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Ooru èéfín kì í pẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ kàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lórí òkè, kíá ló ti ga. Alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú písítìnì irú ọkọ̀ yẹn, nǹkan bí 660°C sì ni alumíníọ̀mù ń yọ́. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń fọ́n sí i nídìí ló ń bá a tu ooru dànù. Bí èéfín bá wá dúró sókè 700°C fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì kò ní kápá rẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń rú ẹni tó mọ ọkọ̀ pẹtiróòlù nìkan lójú. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, bí epo bá dín, èéfín lè gbóná jù. Nínú dísẹ́ẹ̀lì, bí epo bá ṣe ń pọ̀ sí i tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀ tó o, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i.

Àkọ́kọ́, ẹ ra géèjì ooru èéfín tó ní thermocouple (wáyà tó ń mọ ooru) irú K, tó lè ka ooru dé 900°C.

Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò tí thermocouple máa gbà wọlé sára mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jáde, níbi tí èéfín àwọn sílíńdà ti pàdé, ṣáájú tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti fi ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn tọ́bò, ohun tí ẹ máa rí kà lè fi 100°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ooru gidi nígbà tí ẹrù bá wúwo. Mo bẹ̀ yín, ẹ tú mánífóòdù kúrò kí ẹ tó lù ú. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn fi gírísì kun ẹnu dírílì, kí ẹ sì lù ú bẹ́ẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ tọ́bò lè yí tó ìgbà 100,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ohun tí èérún irin kan máa ṣe fún un. Kí ẹnu thermocouple náà wọlé dé àárín ibi tí èéfín ń gbà.

Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ kan mọ ìwà ọkọ̀ yín. Tó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lásán, ẹ lè rí 150 sí 200°C. Pẹ̀lú ẹrù lójú ọ̀nà títẹ́, bí èyí tó lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, 350 sí 500 kò burú. Lórí òkè, 600 kọjá díẹ̀ ṣì dára. Bó bá ti ń sún mọ́ 700, ẹ ká ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀, kí ẹ sì mú gíà wálẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń kérora: gíà kékeré ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kíákíá, afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i, epo tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan á sì dín.

Bí òkè tí ẹ ti ń gùn tẹ́lẹ̀ bá wá ń fún yín ní ooru tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá, nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo fílítà afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí eruku. Lẹ́yìn ìyẹn ni họ́ọ̀sì tó so tọ́bò mọ́ intercooler, èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù: ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹnì kan tẹ ẹ́ńjìnnì, ibi tó bá ń hó ló ń tú afẹ́fẹ́. Nọ́súùlù, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, náà máa ń fà á bó bá ń jò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tún pọ́ǹpù epo ṣe kí ọkọ̀ lè lágbára sí i, ẹ dá a padà síbi tó wà. Òun ló pa ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Tí ẹ bá dé, ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì tó ń rìn nínú tọ́bò máa ń dúró bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ooru tó kù níbẹ̀ á sì sun ún di èédú mọ́ bíárìn. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí géèjì á fi bọ́ sí bíi 180. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni. Ọmọ ọkọ̀ lè ti máa tú okùn tàpólì.