Òkìtì ajílẹ̀ tó kọ̀ tí kò gbóná

Owó tí mo ná sórí ajílẹ̀ òyìnbó fún ọdún méjì gbáko ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Yanrìn ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, bí òjò ńlá bá sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ohun tí mo bù sí ìdí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú á ti bá omi lọ. Nígbà tí àpò ajílẹ̀ náà tún gbówó lórí, mo pinnu pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni n ó máa bọ́.

Ebè kíkọ àti ẹ̀wà gbígbìn kò le. Ẹ̀wà ní kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò tó ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Òkìtì ajílẹ̀, ìyẹn pàǹtírí tí a kó jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, ló fojú mi rí màbo. Mo kó àpò mẹ́jọ lẹ́búlẹ́bú pákó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn alápákó ní Oko-Bàbá, mo pò ó mọ́ èèpo iṣu àti ewé gbígbẹ, mo wọ́n omi sí i, mo sì fi tàpólì bò ó. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tutù bí inú àmù, òórùn pákó tuntun ló ṣì ń run. Ìbínú mú mi bu díẹ̀ pò mọ́ ilẹ̀ ewédú, ni ewé rẹ̀ bá di pupa rúsúrúsú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wò ó, wọ́n ní, “Igi nìkan lo kó jọ, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kó fi jẹrà?” Òótọ́ ni. Bí kábọ́ọ̀nù, èyí tó pọ̀ nínú igi àti ewé gbígbẹ, bá tó nǹkan bí ìlọ́po 30 náítírójìn, òkìtì á jẹrà, á sì gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n ti lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ á wá máa jí náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ ewédú lọ́wọ́.

Mo ra ìgbẹ́ adìyẹ àpò mẹ́rin, torí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á búra pé ó ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe tú àpò àkọ́kọ́, òórùn rẹ̀ ta mí lójú títí omi fi ń jáde. Ká ní orí ebè ni mo dà á sí, ì bá jó gbogbo ewébẹ̀ mi. Inú òkìtì ni mo dà á sí, mo fi ṣọ́bìrì yí i po. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, èéfín funfun ń rú lórí rẹ̀, n kò sì lè fi ọwọ́ síbẹ̀ kí n ka mẹ́wàá. Mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó!

Oṣù mẹ́ta ló gbà kó tó dúdú, kó sì máa run bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí mo bá tún un ṣe, àpò méjì pákó ti tó fún mi, n ó sì tú àpò ìgbẹ́ adìyẹ gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó. Lánàá, ọjọ́ kẹrin tí òjò kò rọ̀, mo ká ewé gbígbẹ tí mo fi bo ebè kúrò: ilẹ̀ tutù lẹ́ mọ́ mi níka, ekòló méje ló sì wà nínú ṣọ́bìrì kan ṣoṣo.