Bí Àmì Àárẹ̀ Ọpọlọ Bá Hàn Lára Ọ̀dọ́: Bí Ẹ Kò Ṣe Ní Jẹ́ Kí Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín, bóyá ọmọ ọdún 16 tàbí 22, kì í sùn dáadáa mọ́, tó ń fura sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí máàkì rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí lè ṣáájú psychosis, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó wà àti ohun tí kò sí. Síbẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí dókítà sọ pé wọ́n wà nínú ewu rẹ̀ kì í padà ní in. Ẹ má ṣe pè é ní wèrè, ẹ má sì ṣe yára yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé, nítorí ẹni tó bá ti jókòó sílé pẹ́ kì í rọrùn fún láti padà. Ẹrù ni kí ẹ bá a dín kù.

Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá GP, kí ẹ ti kọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹgbẹ́ Early Intervention in Psychosis ti NHS, ìyẹn àwọn tó ń tètè tọ́jú psychosis. Fún ẹni tó ṣì wà nínú ewu lásán, NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú, dámọ̀ràn CBT, ìtọ́jú tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, kò sì fọwọ́ sí fífún un ní oògùn psychosis nítorí àtidènà àìsàn náà. Bí ẹ̀rù bá bà yín lóru, ẹ pe 111, kí ẹ sì yan ti ìlera ọpọlọ. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni kí ẹ pè.

Ilé-ìwé ló gba àlàyé jù. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbà pé kí ẹ sọ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ bá olùkọ́ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò máa gbọ́ ti ọmọ náà, kí ó má baà di pé ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ìṣòro náà bá ti pẹ́ tàbí tó fẹ́ pẹ́ tó ọdún kan, tó sì ń dí ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́, òfin Equality Act ti ọdún 2010 lè mú kí ilé-ìwé ṣe àyípadà fún un: yàrá ìdánwò tó dákẹ́, àfikún àkókò fún iṣẹ́ àṣetiléwá, tàbí kí ó dín iye ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n kà sí home student, tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun, lè béèrè Disabled Students' Allowance, owó tí kì í ṣe gbèsè. Bí ó bá di dandan kí ó sinmi, ẹ gba ọjọ́ tí yóò padà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bá ọ́fíìsì yunifásítì tó ń mójú tó físà sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìsinmi náà, nítorí yunifásítì yóò fi tó Home Office létí.

Ní ti iṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ ìtọ́jú náà ní òṣìṣẹ́ IPS (Individual Placement and Support), ètò ìrànlọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní New Hampshire, Amẹ́ríkà. Irú òṣìṣẹ́ yìí ń jókòó pẹ̀lú àwọn dókítà, ó ń bá ọ̀dọ́ wá iṣẹ́ olówó oṣù tó wù ú, láìsọ pé kí ó kọ́kọ́ sàn tán, kì í sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá rí iṣẹ́. Èmi kò fara mọ́ iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà fún un, bó ti wù kí owó rẹ̀ dára tó, nítorí àìsùn ń dá kún àìsàn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó mímu.

Ẹ máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọjọ́ tó ní láti rí dókítà lọ orí òkè. Tó bá jí láàárọ̀, ẹ bi í bóyá ó sùn, kí ẹ tó bi í léèrè máàkì.